Misro: Àkàrà Ẹ̀gẹ́ tí Adùn Rẹ̀ Wà Nínú

Ìyá kan tí ó wà nínú ẹgbẹ́ alásàlátù ní ìlú kan tí n kò ní dárúkọ kọ̀wé sí wa. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin lọ kàwé ní ilẹ̀ Indonéṣíà, nígbà tí ó sì ń bọ̀ wálé ó mú ṣúgà aláwọ̀ pupa kan bọ̀, tí ó rí roboto bí ìdajì àgbọn. Ó kọ́ ìyá rẹ̀ bí wọn ti ń fi ẹ̀gẹ́ rírin bò ó, tí wọn sì ń dín in. Ìyá yìí ṣe é, ó dára, ó sì gbé e lọ sí mọ́sálásí fún ìṣínu nínú àwẹ̀ tí ó kọjá. Kí ẹnikẹ́ni tó fi kan ẹnu, ọ̀kan nínú wọn bèèrè pé kí ni wọ́n fi ṣe ṣúgà inú rẹ̀. Òun náà kò purọ́, ó ní omi ọ̀pẹ ni, irú èyí tí àwọn adẹ́mu ń dá. Ni ariwo bá ta! Wọ́n ní ó gbé ẹmu wá fún aláàwẹ̀. Ó gbé àwo rẹ̀ padà sílé pẹ̀lú omijé, láti ìgbà náà ni àwọn kan kò sì ti jẹ oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

Ohun méjì ni ó bèèrè. Èkíní, ṣé lóòótọ́ ni òun fẹ́ fi hàráàmù bọ́ àwọn ènìyàn? Èkejì, bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, ṣé kí á jọ̀wọ́ kọ́ àwọn obìnrin yòókù bí a ti ń ṣe é? Ọ̀ràn yìí tóbi ju ti àkàrà lọ, nítorí orúkọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Nítorí náà ni mo ṣe gbé ohun tí mo fẹ́ sọ lọ́sẹ̀ yìí tì, tí mo mú èyí.

Misro ni wọ́n ń pe oúnjẹ náà. Àwọn Sunda ni wọ́n ni ín, àwọn tí ń gbé apá ìwọ̀-oòrùn erékùṣù Java, níbi tí ìlú Bogor àti Bandung wà. Bandung yìí kan náà ni àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè 29 láti Éṣíà àti Áfíríkà ti pàdé ní oṣù Kẹrin ọdún 1955, nígbà tí ọ̀pọ̀ nínú ilẹ̀ wa ṣì wà lábẹ́ òyìnbó. Ní èdè wọn, “amis di jero” túmọ̀ sí pé ó dùn nínú. Wọ́n gé ọ̀rọ̀ náà kúrú, ó di misro. Ó ní àbúrò kan tí wọ́n ń pè ní comro, ẹ̀gẹ́ kan náà ni, ṣùgbọ́n ohun olóata ni wọ́n ń fi sínú ti èyí dípò ṣúgà. Bí ẹ bá dé apá ìlà-oòrùn Java, jemblem ni ẹ óò gbọ́ tí wọ́n ń pe èyí tí ó dùn.

Ẹni tí ó bá mọ ọ̀jọ̀jọ̀ dín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ misro dín. A ó rin ẹ̀gẹ́ tútù, a ó fún omi rẹ̀, a ó pò ó mọ́ àgbọn rírin àti iyọ̀ díẹ̀, a ó fi ṣúgà pupa sí àárín, a ó pa á dé bí ẹyin tí a tẹ̀ pẹlẹbẹ, a ó sì dín in nínú òróró. Nígbà tí ó bá jiná, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò le, inú ẹ̀gẹ́ yóò rọ̀, ṣúgà yóò sì ti yọ́ di omi bí oyin. Àwọn tí ń tì í kiri nínú ọmọlanke pẹ̀lú ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín àti àwọn ìpanu mìíràn kò lóǹkà ní ìlú wọn. Nínú oṣù Rámádánì, láti ìgbà tí a bá ti kírun Asàárì ni ọjà ìpanu ìṣínu ti ń kún. Àwọn Sunda tilẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kan fún rírìn kiri ní ìrọ̀lẹ́ kí ebi lè jẹ́ kí oòrùn wọ̀: ngabuburit. Èmi tí iṣẹ́ mi jẹ́ láti máa pe ìrun, ohun kan tún wà tí ó jọ mí lójú nípa wọn. Ní ọ̀pọ̀ mọ́sálásí wọn, ìlù ńlá kan wà tí a fi awọ bò, bedug ni orúkọ rẹ̀, òun ni wọn yóò kọ́kọ́ lù kí ládàánì tó gbé ohùn sókè. Mo mọ àwọn àgbà kan níhìn-ín tí yóò wọ bàtà wọn jáde bí wọ́n bá gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ kí á wá dé orí ṣúgà, nítorí òun ni ó dá ìjà sílẹ̀.

Igi kan wà ní ilẹ̀ wọn tí wọ́n ń pè ní aren. Ẹbí ọ̀pẹ ni. Ẹni tí ń dá a yóò gun igi lọ, yóò máa fi igi lu ọ̀pá òdòdó rẹ̀ jẹ́ẹ́jẹ́ fún ọjọ́ púpọ̀ kí ó tó gé orí rẹ̀, kí omi lè máa sun dáadáa. Ọparun ni ó ń so sí ẹnu rẹ̀ bí àwọn tiwa ti ń so akèrègbè. Ní òwúrọ̀ ni yóò gbé e, ní ìrọ̀lẹ́ yóò tún gbé e. Títí dé ibi yìí, iṣẹ́ adẹ́mu àti iṣẹ́ rẹ̀ kò yàtọ̀. Ìyàtọ̀ wà nínú ohun tí ó kàn. Omi náà dùn bí oyin nígbà tí ó bá ń kán, kò sì sí ọtí kankan nínú rẹ̀. Bí a bá fi í sílẹ̀ fún wákàtí díẹ̀, ìwúkàrà tí ojú wa kò rí, tí ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ àti lára ohun èlò, yóò bẹ̀rẹ̀ sí jẹ ṣúgà inú rẹ̀, yóò máa hó, yóò sì sọ ṣúgà náà di ọtí. Ẹmu nìyẹn. Ẹni tí ó fẹ́ ṣe ṣúgà kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ó dé ibẹ̀. Yóò ti fọ ọparun rẹ̀ mọ́, yóò ti fi èérún igi kan tàbí ẹfun sínú rẹ̀ kí omi má tètè kan, bí ó bá sì ti gbé e sọ̀kalẹ̀ yóò dà á sínú agbada ńlá, yóò sè é fún wákàtí púpọ̀ títí yóò fi ki, tí yóò pupa. Lẹ́yìn náà ni yóò dà á sínú èèpo àgbọn tàbí ọparun kí ó lè dì. Ìdí nìyẹn tí ti ọmọ ìyá yìí fi rí bí ìdajì àgbọn.

Ẹ kíyè sí i pé bí omi bá ti di ẹmu, ẹni tí ó bá sè é kò ní rí ṣúgà rere mú nínú rẹ̀, nítorí ọtí ti jẹ ṣúgà náà tán. Nítorí náà, kì í ṣe pé wọ́n mú ẹmu, wọ́n sọ ọ́ di ṣúgà. Wọ́n mú ohun tí ìbá di ẹmu, wọn kò sì jẹ́ kí ó dì í. Ṣé ẹni tí ó mu omi èso àjàrà tútù mu ọtí ni? Àwa tí a jókòó ti àwọn ààfáà rí, a gbọ́ bí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Ọlọ́hun máa bá a, ti ń mu omi tí a rẹ dàbínù tàbí èso àjàrà gbígbẹ sí, kò sì ń jẹ́ kí ó pẹ́ títí tí yóò fi kan. Ohun tí ẹ̀sìn kọ̀ ni ohun tí ń pa ènìyàn bí ọtí. Ìgbà tí ìpani náà kò bá sí níbẹ̀ rárá, kí ni a ń kọ̀?

Èmi kì í ṣe ẹni tí ń dá ẹjọ́ ẹ̀sìn, nítorí náà mo gbé lẹ́tà náà lọ bá lémọ́ọ̀mù wa àti àwọn ààfáà méjì tí wọ́n jù mí lọ nínú kéú. Ọ̀kan nínú wọn bèèrè ìbéèrè púpọ̀ nípa agbada àti ọparun, inú mi sì dùn sí i, nítorí ẹni tí kò bá mọ bí a ti ń ṣe nǹkan kò yẹ kí ó yára sọ pé ó tọ́ tàbí pé kò tọ́. Nígbà tí wọ́n gbọ́ tán, ohùn wọn ṣọ̀kan: hàláàlì ni. Àwọn Mùsùlùmí Indonéṣíà, tí wọ́n ju igba mílíọ̀nù lọ, ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà pípẹ́, wọ́n sì ní ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀sìn kan, Majelis Ulama Indonesia, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, tí ó mọ̀ nípa ọ̀ràn oúnjẹ hàláàlì dáadáa. Ìyá wa, ẹ mú ìwé ìròyìn yìí lọ sí ìpàdé ẹgbẹ́ yín, kí ẹ kà á sí wọn létí. Ẹni tí ó pariwo lé yín lórí ní gbangba, gbangba náà ni ó yẹ kí ó ti tọrọ àforíjì.

Ẹni tí kò bá rí irú ṣúgà bẹ́ẹ̀ rà, kí ó má ṣe lọ máa se ògùrọ̀ tí ó rà lọ́wọ́ ẹlẹ́mu, èyí tí ó ti ń hó tẹ́lẹ̀. Ṣúgà pupa lásán yóò ṣe é. Èyí tí ó sún mọ́ ọn jù ni ṣúgà ìrèké dúdú tí àwọn Hausa ń ṣe, tí wọ́n ń pè ní mazarkwaila, tí à ń fi ọ̀bẹ ha. Dàbínù tí a yọ kóró rẹ̀ tí a gún kúná dára pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ní yọ́ di omi.

Ó ku ohun kan tí mo fẹ́ kí ẹ fi ara balẹ̀ kà kí ẹ tó gbé ẹ̀gẹ́ kalẹ̀, pàápàá ẹ̀yin ìyá ọmọ wẹ́wẹ́. Ẹ̀gẹ́, tí àwọn kan ń pè ní gbágùúdá tàbí pákí, ní májèlé nínú. Gbogbo irú rẹ̀ ni ó ní in, ṣùgbọ́n ti òmíràn kéré, ti òmíràn sì pọ̀ tó láti pa ènìyàn. Nígbà tí a bá ń ṣe gààrí, a ń rin ín, a ń dì í sínú àpò fún ọjọ́ mélòó kan kí ó kan, a ń fún omi rẹ̀ dànù, a sì ń yan án. Ní gbogbo ọ̀nà wọ̀nyí ni májèlé náà ń bá lọ. Misro kò rí bẹ́ẹ̀. Láàárín wákàtí kan ni a ó rin ín, tí a ó fún un, tí a ó dín in, àyè kò sí fún májèlé láti jáde tó. Nítorí náà, irú ẹ̀gẹ́ tí a mọ̀ nílé pé a ń sè jẹ bí iṣu nìkan ni kí á lò. Bí ẹni tí ń tà á kò bá lè fọwọ́ sọ̀yà pé ẹ̀gẹ́ sísè ni, ẹ fi í sílẹ̀ fún àwọn tí ń ṣe gààrí. Ẹ má ṣe ra ẹ̀gẹ́ tí a ti rin ní ilé ẹ̀rọ, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ irú èyí tí wọ́n dà pọ̀ níbẹ̀. Ẹ lò ó ní ọjọ́ tí a wú u, tàbí ọjọ́ kejì. Ẹ bó o dé inú, kí ẹ yọ èèpo òde àti èyí tí ó nípọn lábẹ́ rẹ̀. Èyí tí ó bá korò lẹ́nu, ẹ jù ú nù, ẹ má sọ pé ṣúgà yóò bò ó mọ́lẹ̀. Bí orí bá ń fọ́ ọmọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tí ó sì ń bì lẹ́yìn tí ó jẹ ẹ̀gẹ́, ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe àkókò àgbo.

Ọ̀ràn kan sì ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kẹta ọdún 2005, ní erékùṣù Bohol ní ilẹ̀ Philippines. Àwọn ọmọ ilé-ìwé 27 kú lẹ́yìn tí wọ́n jẹ ìpanu ẹ̀gẹ́ díndín tí wọ́n rà ní àkókò ìsinmi. Ẹ̀gẹ́ ni gbogbo ayé kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Nígbà tí a yẹ̀ ẹ́ wò, oògùn apakòkòrò ni wọ́n bá nínú oúnjẹ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń ra oògùn kòkòrò àti ti èkúté tí ó rí bí ìyẹ̀fun, tí ẹ sì ń dì í sínú ọ̀rá láìkọ nǹkankan sí i, níbo ni ẹ ń gbé e sí? Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó wọ ilé ìdáná rárá.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí á ṣe é.

Ẹ wọn ẹ̀gẹ́ tí a ti bó kílò 1. Ẹ fọ̀ ọ́ mọ́, kí ẹ sì fi páànù tí a fi ìṣó dá lu rin ín, kí ẹ lo ojú rẹ̀ tí ó wẹ́, nítorí èyí tí ó bá rí wúruwùru kì í dì mọ́ra. Ẹ yọ okùn àárín rẹ̀ kúrò. Ẹ dà á sínú aṣọ funfun mímọ́, kí ẹ fún un lé àwo lórí. Ẹ má fún un gbẹ bí ti gààrí. Kí ó sáà má máa kán omi mọ́ ni. Ẹ fi omi tí ó jáde sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 15, ẹ óò rí i pé sítáàṣì funfun yóò sinmi sí ìsàlẹ̀. Ẹ da omi orí rẹ̀ nù pátápátá, kí ẹ ha sítáàṣì náà padà sínú ẹ̀gẹ́. Èyí ni àwọn tí ń kánjú kì í ṣe, òun sì ni ó ń mú kí ẹ̀gẹ́ di ara rẹ̀ mú. Bí omi bá pọ̀ jù, òróró yóò wọ inú rẹ̀. Bí sítáàṣì kò bá sí, yóò là nínú agbada, ṣúgà yóò sì tú jáde, yóò jóná, yóò sọ gbogbo òróró di dúdú.

Ẹ rin àgbọn tí kò gbó jù, ìwọ̀n gíráàmù 100, kí ẹ dà á sí i pẹ̀lú ìdajì ṣíbí tíì iyọ̀. Ẹ po gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ṣúgà gíráàmù 150 yóò tó o. Ẹ ha á kí ó kúná. Ẹ bu ẹ̀gẹ́ tí ó tó ẹyin adìẹ kan sí àtẹ́lẹwọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, ẹ fi ṣúgà tí kò ju ṣíbí tíì méjì lọ sí àárín rẹ̀, kí ẹ sì pa á dé. Ẹ fi ìka yí i ká dáadáa. Bí ẹ bá rí ojú kan tí ó sán, ẹ fi ẹ̀gẹ́ díẹ̀ lẹ̀ ẹ́. Gbogbo rẹ̀ yóò tó bí ogún.

Àdín àgbọn ni àwọn ìyá àgbà wọn fi ń dín nǹkan láyé àtijọ́. Lóde òní òróró tí a yọ lára ọ̀pẹ ni ó gba ọwọ́ gbogbo ayé níbẹ̀, ọ̀pẹ tiwa yìí gan-an. Ní ọdún 1848 ni a gbin ọ̀pẹ wẹ́wẹ́ 4, tí ìran wọn ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà wá, sínú ọgbà igi ńlá tí ó wà ní Bogor. Láti inú ọgbà náà ni púpọ̀ ti tàn kálẹ̀, títí Indonéṣíà fi di ẹni tí ń ṣe epo ọ̀pẹ jù láyé, tí ó fi àwa tí a ni igi sílẹ̀ sẹ́yìn. Ẹ̀gẹ́ ní tirẹ̀ kì í ṣe tiwa, kì í ṣe tiwọn; Gúúsù Amẹ́ríkà ni ó ti wá sọ́dọ̀ àwa méjèèjì.

Ẹ da òróró púpọ̀ sí agbada, kí misro lè máa lúwẹ̀ẹ́ nínú rẹ̀. Iná kò gbọdọ̀ pọ̀. Ẹ ju ẹ̀gẹ́ bíńtín sí i: bí ó bá rì díẹ̀, tí ó sì rú sókè pẹ̀lú ìfóòfó jẹ́ẹ́jẹ́, ó ti tó. Bí ó bá pupa lójú ẹsẹ̀, ẹ fa igi kúrò lábẹ́ rẹ̀, nítorí ẹ̀yìn yóò jóná nígbà tí inú ṣì tutù, ẹ̀gẹ́ tútù kò sì dára fún inú ẹnikẹ́ni. Ẹ má kó wọn kún inú agbada, ẹ sì má yí wọn títí ìsàlẹ̀ yóò fi le. Ìṣẹ́jú 7 tàbí 8 ni ó ń gbà, títí àwọ̀ rẹ̀ yóò fi dà bí ti àkàrà tí ó jiná. Ẹ kó wọn sínú asẹ́ kí òróró lè ro.

Ẹ má sáré gbé e fún ọmọdé. Ìta lè ti tutù kí inú ṣì máa hó, ṣúgà yíyọ́ a sì máa lẹ̀ mọ́ ahọ́n bí oje igi gbígbóná. Ó yẹ kí ó jókòó fún ìṣẹ́jú 15 ó kéré tán. Nínú àwẹ̀, bí ẹ bá fẹ́ kí ó bá ìrun Màgàríbà ṣe déédéé, ẹ bẹ̀rẹ̀ rírin lẹ́yìn Asàárì, kí ẹ sọ ọ́ kalẹ̀ ní ìdajì wákàtí kí ládàánì tó gbé ẹnu lé e. Dàbínù àti omi ni kí ó ṣáájú, kí misro tẹ̀lé e. Ẹni tí ó ní ìtọ̀ ṣúgà, kí ó jẹ́ kí àwọn ọmọ jẹ ẹ́ fún un.

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ máa tà á, ẹ ṣírò òróró dáadáa, nítorí òun ni ó ń jẹ èrè. Ẹ kọ iye tí ẹ ra ẹ̀gẹ́, àgbọn, ṣúgà, òróró àti igi ìdáná sílẹ̀, kí ẹ pín in sí iye misro tí ẹ rí, kí ẹ tó dá owó lé e. Ẹ má sì lo òróró kan náà títí yóò fi dúdú tí yóò máa rùn.

Ẹni tí kò fẹ́ràn ohun dídùn lè ṣe irú comro. Àwọn Sunda ń fi oncom sínú rẹ̀, ohun kan tí wọ́n ń fi ìdàrọ̀ sóyà tàbí ẹ̀pà ṣe, tí wọ́n jẹ́ kí ó hu dúdú tàbí pupa bí olú. Kò sí i lọ́jà wa, ṣùgbọ́n ẹja gbígbẹ tí a gún, tí a fi ata àti àlùbọ́sà yan títí yóò fi gbẹ, kò burú níbẹ̀. Aya mi ṣe méjèèjì lọ́jọ́ Jímọ̀ tí ó kọjá. Àwọn ọmọ jẹ aládùn tán, àwa àgbà pín olóata. Èyí tí ó bá ṣẹ́kù di ọjọ́ kejì yóò le bí òkúta. Ẹ gbé e sínú páànù gbígbẹ lórí iná kékeré fún ìṣẹ́jú díẹ̀, ẹ dé e lórí, yóò tún rọ̀ tó láti fi ṣe sàárì.